Ìdajì Gareth Ni Wọ́n Ń Fún Wa

Jókòó! Ta ní kí o dìde? O rí i pé mo ti mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, o wá ń na ọrùn bí ẹni tó fẹ́ fò gba ojú fèrèsé. Jókòó jẹ́ẹ́, Ryan Pickersgill. Balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Skelbrough lo jẹ́ lórí pápá. Lórí àga yìí, orí lásán lo jẹ́, èmi ni mo sì ni orí náà títí n óò fi gẹ̀ ẹ́ tán. Láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gẹ irun yìí. Ìwọ lo máa ń sunkún nígbà yẹn. Lónìí, ó kàn mí, ìwọ ni wàá sì gbọ́.

O ní kí ló mú mi fajú ro? Ó tún ń béèrè! Ọ̀la ni Gareth Tunnicliffe máa gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn ní pápá wa. Ọdún mẹ́rìndínlógún, ó parí, ó fẹ́ fi bàtà kọ́ sára ògiri. Gbogbo ìlú ń múra. Ẹni tó ń ta míìtì páì lẹ́nu géètì ti ní òun máa yan ìlọ́po méjì. Ìwọ wá wọlé síbí, o ń súfèé, o ní, "Àǹtí Denise, ẹ bá mi gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó mọ́, àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀ lọ́la." Mo ní kò burú. Mo ta aṣọ sí ọ lọ́rùn, mo gẹ apá kan. Mo wá bi ọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo, mo ní, "Ryan, tí ẹ bá ju owó ẹyọ sókè lọ́la, apá ibo lo máa mú?" O fi ẹnu ara rẹ dáhùn, kò sẹ́ni tó fún ọ lọ́rùn: "Bí a ṣe máa ń ṣe náà ni, Àǹtí. A máa gbá bọ́ọ̀lù lọ sí Ìdí Ṣọ́ọ̀ṣì ní abala kejì."

Bí a ṣe máa ń ṣe náà ni! Ọlọ́run ọba, ṣé ẹ gbọ́ ọmọ yìí?

Ṣé o mọ ohun tí "bí a ṣe máa ń ṣe" ti fojú wa rí? Apá òsì ni Gareth ń gbá. Etí ìlà ni tirẹ̀, ó ń sá tọ̀ ọ́ bí ológbò tó ń rìn lórí ọgbà. Tí ẹ bá kọjú sí Ìdí Ṣọ́ọ̀ṣì, góòlù tó wà lápá ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ọwọ́ òsì yín bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́lá, àwọn tó ń jókòó sórí àga onítìmùtìmù, tó ń na ẹsẹ̀. Tí ẹ bá kẹ̀yìn sí i, ọwọ́ òsì yín bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwa tá a wà lábẹ́ páànù, àwa tá a ń dúró, tí òjò ń kán sí lọ́rùn. Ní abala kìíní, àwa la ni Gareth. Tí wọ́n bá ti mu tíì tán tí wọ́n padà dé, ó di tiwọn. Ọdún mẹ́rìndínlógún, Ryan! Ìdajì èèyàn lẹ̀ ń fún wa!

Ìdajì náà ì bá sì dáa, èmi ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ Gareth. Aago mẹ́ta ni bọ́ọ̀lù ń bẹ̀rẹ̀, Gareth kì í jí kó tó di aago mẹ́rin! Ní abala kìíní, á máa rìn kiri bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Tó bá ti di abala kejì, iná á ràn án. Góòlù mọ́kànlélọ́gọ́ta ló gbá wọlé fún Skelbrough. Mélòó la rí nínú rẹ̀ lábẹ́ páànù? Méje! Ọ̀kan nínú méje yẹn, ìdí ló fi gbá a wọlé. Má rẹ́rìn-ín. Mo ní má rẹ́rìn-ín, àlùmọ́gàjí wà lẹ́bàá etí rẹ.

Àwa sì la kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣòkòtò rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ fèrèsé, òjò ń rọ̀. Bọ́ọ̀lù kìíní tó fẹ́ gbá síwájú góòlù, ọ̀dọ̀ wa ló yà sí, ó gbá ife tíì bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo èèyàn ń hó lé e lórí. Ìyá mi yìí, ìyá mi tí orí rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú irun gbẹ lọ́hùn-ún yẹn, tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí à ń sọ, òun ló fi ìborùn rẹ̀ nu bọ́ọ̀lù náà. Ó gbé e fún un, ó sì ki súìtì mińtì kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ní, "Jẹ ẹ́, ọmọ mi, ẹ̀rù ló ń bà ọ́." Láti ọjọ́ náà, tí Gareth bá ti wá ju bọ́ọ̀lù wọlé lọ́dọ̀ wa, á la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ, ìyá mi á jù ú sí i. Rẹfirí kan tiẹ̀ bá wọn wí lọ́jọ́ kan. Ìyá mi na agolo mińtì sí rẹfirí náà. Ó mú méjì!

Nígbà tí ẹgbẹ́ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù wá rà á lọ lọ́mọ ọdún méjìlélógún, tí wọ́n fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún ọdún méjì gbáko bí aṣọ tí wọ́n fi pamọ́ de ọdún Kérésì, ta ló ń fi mińtì ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù? Ṣé àwọn onítìmùtìmù ni? Nígbà tó padà wálé tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀, tí dókítà ní ó ti parí, tó ń fi ẹsẹ̀ kan gun òkè ẹ̀yìn ilé wa láàárọ̀ ọjọ́ òtútù, ta ló ń jókòó sójú fèrèsé tó ń kà á pé, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lónìí, Denise, àná ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni"? Ìyá mi náà ni! Ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà sórí pápá, ó wá sọ́dọ̀ wa, ó la ẹnu, ó gba mińtì. Abala kìíní nìyẹn o. Ní abala kejì, ó kọjá sọ́hùn-ún, ó gbá góòlù méjì wọlé, àwọn onítìmùtìmù ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń pè é ní "Gareth wa". Gareth yín ti bàbá yín!

Àwa ńkọ́? Kùrukùru ti gun òkè láti etí odò, à ń wo ojú ara wa. A á gbọ́ tí wọ́n bú sí "Góòòlù!" lọ́hùn-ún, n óò máa bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Ta ni? Ta ló gbá a?" Kò mọ̀. Òun náà á bi ẹlòmíràn. A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ wẹ ọwọ́, ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n wá ṣe ìwé àwòrán rẹ̀ jáde lóṣù tó kọjá, ogójì àwòrán, mo ra tèmi. Gbogbo ogójì ni wọ́n yà láti ọ̀dọ̀ àwọn onítìmùtìmù! Mo fi awò wá ara mi nínú rẹ̀ títí. Nígbà tí mo máa rí wa, lẹ́yìn etí Gareth ni a wà, tíntìntín, bí ẹ̀gún ara aṣọ. Àmì pupa kékeré kan wà níbẹ̀, mo sọ fún ìyá mi pé ìborùn rẹ̀ nìyẹn. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun tinrín dáadáa.

Ìyá mi ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, Ryan. Ojú rẹ̀ kì í kọjá àárín pápá mọ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ìdajì tó sún mọ́ wa, ó ń rí i, ó ń bá wọn jà sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, òkùnkùn. Ó sọ fún mi pé abala kejì ti dà bíi rédíò tí wọ́n ń gbọ́ nínú yàrá ẹlòmíràn. Kò ráhùn o, ó kàn sọ ọ́ ni, ó ń bó ọ̀dùnkún lọ. Èmi ni mo ń ráhùn. Ọ̀la ni abala kejì Gareth tó kẹ́yìn láyé. Ṣé inú yàrá ẹlòmíràn ni ìyá mi máa ti gbọ́ ìyẹn náà?

Kí lo sọ? Kí ló dé tí a ò ṣí lọ sọ́dọ̀ àwọn onítìmùtìmù? Tún un sọ, kí n gé etí yẹn dànù! Bàbá mi wà níbẹ̀! O ti gbàgbé? Nígbà tí wọ́n sun òkú rẹ̀ tán, etí ìlà iwájú wa yẹn la fọ́n eérú rẹ̀ sí, ẹni tó ń tọ́jú pápá ló ṣí géètì fún wa. Afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀ sínú tíì ìyá mi, ó gbé e mu. Ó ní ogójì ọdún lòun fi ń mu wàhálà Arthur, kò tíì pa òun. Títí dòní, tí Gareth bá yọ̀ ṣubú níbẹ̀, ìyá mi á pariwo mọ́ ilẹ̀ pé, "Arthur, fi ọmọ yẹn sílẹ̀!" O wá ní ká fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ jókòó sórí tìmùtìmù.

Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin péré pé balógun àlejò mú apá mọ́ yín lọ́wọ́ kó lè fi bí yín nínú, tí ẹ fi gbá abala kejì sọ́dọ̀ wa. Gbogbo pápá ń hó lé e lórí. Èmi nìkan ni mo ń pàtẹ́wọ́! Mo ń pariwo pé, "O ṣé o, ọmọ dáadáa, ìyá rẹ tọ́ ọ!" Wọ́n fẹ́ẹ̀ lé mi jáde. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn, a jẹ àsè. Ṣé ọ̀tá ló yẹ kó máa ṣàánú wa ni, Ryan?

O ní àṣà ni. Ta ló dá a? O ò mọ̀. O ní àwọn tó ń kọrin wà ní Ìdí Ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọrin ní abala kìíní, ọ̀fun wọn á ṣì mọ́ nígbà yẹn. O ní tí ẹ bá yí i padà, oríire yín máa lọ. Oríire wo? Ipò kẹtàlá lẹ wà! Ẹ ò lè gòkè, ẹ ò lè já wálẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn gbá bọ́ọ̀lù lọ́la, ipò kẹtàlá náà lẹ máa wà. O ní kóòṣì máa bínú. Sọ fún kóòṣì pé ọ̀dọ̀ mi ni ìyàwó rẹ̀ ti ń pa irun láró, mo sì mọ àwọ̀ tí irun rẹ̀ jẹ́ ní tòótọ́.

Mo ti bi Gareth fúnra rẹ̀. Ó ní balógun ló ń mú apá, ojú ń ti òun láti bẹ̀bẹ̀ fún ara òun. Ọmọ tí ojú ń tì láti béèrè omi! Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ọ́. Tí owó ẹyọ bá gbè ọ́, mú apá tó máa jẹ́ kí Gareth wà lọ́dọ̀ wa ní abala kejì. Tí kò bá gbè ọ́, bẹ balógun àlejò, sọ fún un pé ìyá àgbà kan wà lábẹ́ páànù pẹ̀lú agolo mińtì. Tó bá kọ̀, nawọ́ sí mi fún un, èmi àti òun la jọ máa sọ ọ́.

Wàá rò ó? Gbé ojú sókè. Wo dígí, ọkọ mi. Wò ó dáadáa. Apá ọ̀tún, ó mọ́, ó ń dán, kó o rí i kó o fẹ́ fẹ́ ara rẹ. Apá òsì ńkọ́? Ìgbẹ́! Àlùmọ́gàjí ti parí iṣẹ́ lónìí. Mo ti fi í sínú dúrọ́ọ̀, ṣé o gbọ́? Mo ti tì í pa.

O gbà? Sọ ọ́ sókè. Ṣé o fi ìyá rẹ búra? Ṣé o fi ipò kẹtàlá búra? Ó dáa, mo gbọ́. Ọmọ gidi ni ọ́, mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Kí n wá gẹ ìyókù? Rárá o! Abala kìíní nìyẹn. Abala kejì di ọ̀la, lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, tí ojú mi bá ti rí ohun tí mo fẹ́ rí. Fìlà? Rẹfirí wo ló máa jẹ́ kí o dé fìlà? Jẹ́ kí àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n yà ọ́ bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí àwọn onítìmùtìmù wo apá tó burú yẹn dáadáa, kí wọ́n mọ bí ìdajì ṣe ń rí lójú èèyàn!

Háà! Ẹ̀rín máa pa mí. Màmá! Màmá, ẹ yọ orí lábẹ́ ẹ̀rọ yẹn, ẹ wá wo balógun yín! Ẹ mú agolo yẹn dání. Ẹ fún un ní mińtì kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló ń bà á.