Omi Tí Mo Bù fún Wolé-wolé

Inú ń bí mi, n kò ní purọ́ fún yín. Bí mo ṣe jókòó yìí, ẹ̀gẹ́ tí a ti bó, tí a ti rin, tí a ti dì sínú àpò, ń jẹrà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí káńsù fi àgádágodo tì. Àwọn obìnrin tí a jọ ń yan gààrí ń gba iwájú mi kọjá láìkí mi. Ọ̀kan nínú wọn tutọ́ sílẹ̀ lánàá, ó ní, "Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ló fi ń wọ́lẹ̀ kiri." Èmi ló ń bá wí. Wọ́n fẹ́ kí n lọ kúnlẹ̀ ní káńsù kí n sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò gba ẹnu mi jáde, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

N kò ní dárúkọ abúlé wa. Kò jìnnà sí ọ̀nà Ute, Ọ̀wọ̀ la sì ti ń tajà. Àwọn ọmọ pólì ló ń ra gààrí wa jù. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló fà mí lọ́wọ́ wọ ilé gààrí, ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti kọ́ ohun tó mọ̀. Ní ilé gààrí wa, èèpo ẹ̀gẹ́ kì í sùn síta. Ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, èyí tí wọ́n bá jẹ kù, àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ á wá kó o. Omi rẹ̀ ni wàhálà. Bí a bá ti fi jáàkì tẹ àpò, omi funfun kíkan náà á ṣàn gba gọ́tà tí a fi ọkọ́ gbẹ́, ó di ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn ni kànga Màmá wà. Màmá kò bí mi, opó arúgbó ni. Ilé rẹ̀ ni mo ń gbé, kò sì gba owó ilé lọ́wọ́ mi rí.

Ìgbà tí wolé-wolé kọ́kọ́ dé lórí ọ̀kadà, bíìlì méjì ló mú wá: ọ̀kan fún ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí wa lọ sí ààtàn káńsù, èkejì fún omi ìdọ̀tí. Mo bi í pé, "Ọ̀gá, ọkọ̀ wo?" Ó ní, "Ọkọ̀ á dé. Ẹ kọ́kọ́ san ná." Ìyá àgbà kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kó owó náà fún ewúrẹ́, àwọn ló ń gbálẹ̀ wa." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi wolé-wolé. Síbẹ̀, èmi ni mo bẹ àwọn obìnrin pé ká san. Mo rò pé bí wọ́n bá gba owó omi, wọ́n á wá wo omi, wọ́n á gbẹ́ kòtò tó dára tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe. A san, a tún san. A ò rí ọkọ̀, a ò rí agbẹ́kòtò. Ewúrẹ́ ń bá iṣẹ́ wọn lọ, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Òjò tó rọ̀ tẹ̀ lé e ló wó gọ́tà, kànga Màmá sì yí padà. Omi ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tó ti kan, adìẹ tó mu ún kú, ara Màmá ń yún un. A yí gọ́tà gba ibòmíràn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti mu ún yó. Mo lọ sí káńsù. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ààtàn ní omi kì í ṣe tiwọn. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ omi ní kànga aládàáni ni, káńsù kọ́ ló gbẹ́ ẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ ẹ̀pà ní, "Sìsì, ṣé èèyàn kú ni? Bí ẹnì kan bá kú, ẹ padà wá." Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Mo fẹsẹ̀ rìn títí mo fi dé ibùdókọ̀, n kò mọ ìgbà tí mo débẹ̀.

Nígbà tí wolé-wolé tún dé fún bíìlì tuntun, oòrùn ń mú gan-an. Mo gbé àga fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í gbàlejò láìfún un lómi. Mo fa omi kànga Màmá, mo bù ú sínú ife, mo kọ́kọ́ bu mu lójú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe kí ọkàn àlejò lè balẹ̀, mo sì gbé e mì. Mo wá kúnlẹ̀, mo gbé e fún un. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó gbé e sẹ́nu. Ìgbà tí yóò pọ̀ ọ́, ara aṣọ rẹ̀ ló pọ̀ ọ́ sí.

"Kí lo fi sínú rẹ̀?"

Mo ní, "Bíìlì yín ni, ọ̀gá. Èyí tí a ti san."

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Àwọn kan náà ni wọn ò kí mi mọ́ lónìí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi wá ti ilé gààrí pa, wọ́n ní mo fẹ́ fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní májèlé jẹ. Báálẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀, ìdáhùn tó mú bọ̀ ni pé kí n wá kúnlẹ̀, kí n jẹ́wọ́ pé èmi ni mo fi nǹkan sínú omi, wọ́n á sì ṣílẹ̀kùn.

Orúnkún mi kò wúwo. Mo ti kúnlẹ̀ fún wolé-wolé yẹn rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní èmi ni mo fi nǹkan sí omi, a jẹ́ pé nǹkan kan kò ṣe kànga nìyẹn. Ta ni yóò tún wá wò ó? Ta ló máa gbẹ́ kòtò? Màmá fúnra rẹ̀ ní, "Lọ sọ ohun tí wọ́n fẹ́, ọmọ mi, èmi ti dàgbà." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń họ apá. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran; mo rí apá yẹn.

Ẹ bá mi dá sí i, ẹ sì tètè, nítorí àwọn obìnrin yìí ní ọmọ, ẹ̀gẹ́ inú àpò kò sì ní dúró dè wá. Bí ẹ bá ní kí n lọ, n ó lọ, n ó sì kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ife omi kànga Màmá yóò wà lọ́wọ́ mi. N ó kọ́kọ́ bu mu.