Ìyàwó Mi Ló To Server Ilé Wa, Kì Í Ṣe Èmi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìmáàmù wa. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ìyàwó mi máa lọ jókòó níwájú obìnrin kan tí mo parọ́ fún nípa rẹ̀.

Peckham, nílùú òyìnbó, là ń gbé. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà. Ìyàwó mi, Ìyá Fàtí, ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan lápá Camberwell. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé wọn dìde, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń tẹ́ wọn sùn.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìlú yìí, North Peckham Estate là ń gbé, kí wọ́n tó wó o. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àdúrà wa pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní kámẹ́rà fídíò, kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí wáàsí, kò sí ọdún Iléyá tí kì í ká sílẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà di ohun tí wọ́n kó sínú páálí ní yàrá ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Òjò wá jò sí wọn lọ́jọ́ kan. Alhaji, alága ẹgbẹ́ wa, ní kí wọ́n kó wọn dànù, pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó gan-an ò sí mọ́.

Ìyá Fàtí ló ní kí wọ́n má dà á nù. Tírọ́ọ̀lì tó máa ń fà lọ sọ́jà ló fi kó wọn wálé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ tó bọ̀.

Ohun tó fẹ́ ṣe ni pé kó da gbogbo fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà kan tó máa wà nílé, tí a ó máa wò wọ́n láti ibẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù. Server ni wọ́n ń pe irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí tẹ́lẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ìwọ tí o máa ń pariwo pe Fàtí tí fóònù ẹ bá kú?"

Ó ní, "Bàbá Fàtí, ẹ ṣáà máa wò mí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe é, torí mi ò tíì yìn ín níta rí.

Kò sáré ra ẹ̀rọ kankan. Ìwé ọmọ iléèwé ló kọ́kọ́ rà. Ó ka kásẹ́ẹ̀tì náà, ó kọ wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀, ó ṣírò àyè tí gbogbo rẹ̀ máa gbà nínú kọ̀ǹpútà, ó tún fi ìdajì lé e. Ó ní ọmọ-ọmọ ń bọ̀, fídíò tiwọn náà máa dé. Ó wá ra kọ̀ǹpútà kékeré kan, àlòkù, torí pé kì í jẹ iná púpọ̀, kì í sì í pariwo. Hard drive àkọ́kọ́ tó rà láti kó fídíò náà sí tóbi ju ihò tó yẹ kó wọ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó lọ dá a padà, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí òun máa wọn ihò kí òun tó ra nǹkan.

Méjì ló wá fi sí i, kí ohun tó bá wọ inú ọ̀kan máa wọ inú èkejì, tí ọ̀kan bá kú, èkejì á ṣì wà. Mo ní ó parí nìyẹn. Ó ní, "Tí olè bá gbé kọ̀ǹpútà náà lódindi ńkọ́? Tí iná bá jó ilé ńkọ́?" Ó ṣe ẹ̀dà kẹta, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Elephant and Castle. Oṣooṣù ló ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ láti fi tuntun kún un.

Ó wá ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àlòkù kan rà, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà náà, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló sì kọ́kọ́ fi dán an wò. Àwòrán á lọ díẹ̀, á dúró, á tún lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wá ìdí rẹ̀ kó tó mọ̀ pé Wi-Fi wa ni kò lágbára tó. Ó fa wáyà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ pálọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ etí kápẹ́ẹ̀tì. Fídíò náà bá ń lọ geere. Fídíò kọ̀ọ̀kan ló sì kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sí. Tí kò bá mọ ẹnì kan, á pe àwọn àgbà lórí fóònù: "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ta ni bàbá tó wọ súwẹ́tà pupa níbi ìsọmọlórúkọ yín?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Alhaji àti àwọn ìgbìmọ̀ wá kí wa. Mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo fi ìsọmọlórúkọ kan sí i. Bí àwòrán ṣe máa yọ, ìyàwó Alhaji tó ti kú ni. Ó ń tọ́ ìrẹsì wò nínú ìkòkò, ó ń lé oníkámẹ́rà: "Ẹ lọ ká àwọn àlejò jàre, ẹ fi mí sílẹ̀!" Alhaji ò gbọ́ ohùn yẹn mọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi bojú. Wọ́n ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo ní, "Alhaji, Ọlọ́run ló jẹ́ kí n lè ṣe é."

Ìyá Fàtí wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó gbé mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́. Ó wò mí. Ó gbé abọ́ náà síwájú Alhaji, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹun, sà." Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí. Mo ń ṣe àmín.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo ń retí ìjà. Ó ní, "Bàbá Fàtí, ẹ̀ bá ti sọ fún mi pé ẹ fẹ́ gbà á ṣe tiyín. Ǹ bá ti kọ́ yín lórúkọ àwọn nǹkan tó wà nínú ẹ̀. Tí ẹnì kan bá bi yín, ojú máa tì yín." Láti ọjọ́ kejì ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi lóòótọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kọ́ ni mo wá jẹ́wọ́. Ìyẹn, ó mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò mọ̀ rèé.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, obìnrin òyìnbó kan pè mí. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi kan tí wọ́n ti ń kó ìtàn àwọn ará àdúgbò jọ. Alhaji ló fún un ní nọ́ńbà mi. Mo lọ bá a. Ó ní àwọn ń wá ẹni tó máa bá àwọn ìdílé míì ṣe irú iṣẹ́ yìí, pé àwọn máa kọ́ ẹni náà sí i, àwọn á sì gbà á síṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ìkejì ni mi ò lè dáhùn mọ́. Mo ní mi ò ráyè. Ó wá ní, ṣé ẹlòmíì wà nílé tó bá mi ṣe é? Ìyàwó mi ńkọ́?

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyàwó mi? Kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà."

Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí wọ́n bá gba ìyàwó mi síṣẹ́, Alhaji á mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Nígbà tí mo délé, Ìyá Fàtí bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Mo ní mo lọ gẹrun.

Kò pé oṣù méjì tí Ìyá Fàtí fi ẹ̀yìn ṣèṣe. Ó ń gbé bàbá kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi sùn sórí kápẹ́ẹ̀tì nínú pálọ̀. Èmi ni mò ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, òun ń sọ pé kí Ọlọ́run bá òun san án fún mi. Mo mọ̀ pé ká ní mo sọ òótọ́ ni, ìdí tábìlì ni ì bá jókòó sí lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó sàn, iṣẹ́ gbígbé èèyàn náà ló padà sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sáré wọ kíṣìnì tòun ti fóònù. Ó ti rí iṣẹ́ kan, ó ti kọ̀wé sí wọn fúnra rẹ̀, wọ́n sì ti ní kó wá fún interview. Ibẹ̀ náà ni. Obìnrin yẹn ló fọwọ́ sí email náà. Orúkọ ìdílé wa ò sì wọ́pọ̀. Ó máa rántí mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo lọ bá Alhaji, mo jẹ́wọ́ fún wọn pé èmi kọ́ ni mo ṣe server. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ tí a tún padà wá sílé yín, tí mo bi ẹ́ ní ìbéèrè lórí ẹ̀rọ yẹn, tí o kọ́kọ́ wo ojú ìyàwó ẹ, ni gbogbo wa ti mọ̀." Ẹ̀yin èèyàn, ohun tí mo torí ẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyàwó mi, kò tiẹ̀ pamọ́.

Látìgbà tí wọ́n ti pe Ìyá Fàtí fún interview náà ló ti ń fi mí ṣe òyìnbó tó máa bi í ní ìbéèrè. Èmi ń bi í, òun ń dáhùn. Láàárọ̀ àná, ó ní kí n bi òun pé ta ló ran òun lọ́wọ́. Mo bi í. Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó jókòó dáadáa, ó ní, "Ọkọ mi ni. Kò dí mi lọ́wọ́ rí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ fún un kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, ọkàn rẹ̀ lè dàrú, kó má lè dáhùn wọn dáadáa. Tí mi ò bá sọ, ó lè jẹ́ pé ẹnu àjèjì ni yóò ti gbọ́ ọ.

Mi ò bẹ̀rù pé kò ní dárí jì mí. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, á ti dárí jì mí, á tún bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìdí nìyẹn tí ẹnu mi ò fi gbà á. Ó wà lókè báyìí, mò ń gbọ́ ọ, ó ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn ní gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ tí mo bá gòkè lọ bá a?