Wọ́n Ní Ayétòrò Kejì Ni Wọ́n Bí Mi Sí

Ẹ bá mi yọ̀, ará! Ògo ni fún Olúwa tí kò jẹ́ kí n di àlejò nílé bàbá mi!

Ẹnu ìyàwó mi, Ìyá Bùkọ́lá, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ti oko dé, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi ní, "Bàbá Bùkọ́lá, wọ́n ní ẹ kì í ṣe ọmọ Ayétòrò-Èkìtì." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

"Rótìmí ni."

Rótìmí! Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà!

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀. Kí wọ́n tó bí mi, bàbá mi ṣe lébìrà ojú títì ní Ayétòrò kejì, èyí tó wà lápá Abẹ́òkúta. Káàdì ìrìbọmi mi kò sì kọ ju "Ayétòrò" lọ. Rótìmí ní, "Tíṣà, gbé e wá, kí n bá ọ gba ìwé ọmọ onílùú." Mo tún dúpẹ́! Káàdì yẹn náà ló gbé lọ bá àwọn ìjòyè, pé ọ̀hún ni wọ́n ti bí mi, pé ọmọ àgbàtọ́ ni mí, oko kòkó bàbá mi kò tọ́ sí mi.

Ìjòyè àgbà ní, "Tíṣà, mú ẹni tí ìbí rẹ ṣojú rẹ̀ wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kúrò lóko."

Ta ni n ó mú? Àwọn àgbà ilé wa ti lọ tán. Ọjọ́ tí wọ́n dá pé, èmi nìkan ni mo dúró níwájú àwọn ìjòyè. Mo ní, "Olúwa, ṣé ìwọ náà kò mọ̀ mí ni?"

Àfi bí ìyá Rótìmí ṣe tẹ̀pá wọlé!

"Èmi mọ̀ ọ́n. Ulé wa ni ìyá rẹ̀ bí i sí. Èmi ni mo gbẹ́lẹ̀ tí a fi sin ìwọ́ rẹ̀ sídìí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé. Ìwọ Rótìmí, ìdí ọ̀pẹ yẹn náà ni tìrẹ wà."

"Màámi, ogbó ti dé sí yín."

"Ogbó dé, àmọ́ kò mú irọ́ dání."

Ẹ̀rín sọ! Ìjòyè àgbà ní, "Ibi tí ìwọ́ ẹni wà ni ilé ẹni. Tíṣà, padà sóko rẹ."

Olúwa, o ṣé! O ṣé o! Ìwọ tí ẹni tó mọ̀ ọ́ ń sẹ́ ọ, má kó ẹrù rẹ. Ẹlẹ́rìí rẹ ń bọ̀.

Àmọ́ kò tíì tán nínú mi. Láàárọ̀ yìí, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Rótìmí na ọwọ́ sí mi. "Tíṣà, iṣẹ́ èṣù ni." Ọwọ́ tó fi gba káàdì mi ni. Mo wọlé, mi ò bọ̀ ọ́. Ìwọ tó o jókòó yìí, ká ní ìwọ ni, ṣé wàá bọ̀ ọ́?