Sikánà Tí Wàkílù Fi Sílẹ̀ Nílé

Ẹ̀yin jàmáà Ọlọ́hun, mo kí yín pẹ̀lú àlàáfíà, àtọkùnrin àtobìnrin, títí dé orí ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Ẹ̀kọ́ òní kò gùn. Ohun tí mo wá sọ ni pé ẹni tó bá ń fi ohun èlò ọwọ́ rẹ̀ du ọmọnìkejì, ara rẹ̀ ló ń fi í dù. Ẹ má wò mí báyẹn, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìwọ obìnrin, aládùúgbò wá yá asẹ́ lọ́wọ́ rẹ, o ní asẹ́ ti ya, asẹ́ sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwọ ọkùnrin, wọ́n wá yá jáàkì, o ní àbúrò rẹ ti gbé e lọ sí Ìbàdàn. Jáàkì wo ló ń lọ sí Ìbàdàn lójoojúmọ́? Ìrun márààrún là ń kí, a kì í pa ọ̀kan jẹ, ṣùgbọ́n ká yá èèyàn ní nǹkan, ó di ogun.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò kà á níbì kan. Ó ṣojú mi. Ẹni tó ni ín gan-an ló ní kí n máa sọ ọ́ káàkiri, ó ní bóyá Ọlọ́hun á kà á sí sàráà fún òun.

Ọ̀rẹ́ mi ni Wàkílù, mẹkáníìkì alùpùpù ni ní Ìwó. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ahun ni. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sikánà, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ mọ̀ pé àwọn alùpùpù ayé ìsinsìnyí ní ọpọlọ nínú. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, wọ́n á ki ẹnu sikánà bọ̀ ọ́ lábẹ́ ìjókòó, ojú sikánà á sì kọ ibi tó ń dùn ún jáde. Ní gbogbo àdúgbò wa, Wàkílù nìkan ló ní in. Inú ìbọ̀sẹ̀ ló ń fi í sí, á wá gbé ìbọ̀sẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wá yá a, á ní ó ti bàjẹ́.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ní ìdájí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Àsímáwù pè é láti Kìṣí. Ó ní, "Wàkílù, Màámi ò gbádùn mọ́ o. Orúkọ rẹ ni wọ́n ń pè. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú kàn ọ́ kí àwọn tó lọ. Má dúró mu ẹ̀kọ."

Ó ti tó ọdún méjì tí Wàkílù ti délé gbẹ̀yìn. Ó sáré wá bá mi ní mọ́ṣáláṣí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Àsùbáà tán ni. "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá lọ já síbi tí mò ń bẹ̀rù, ẹ ó bá mi kírun sí wọn lára."

Mo ní ó dáa. Ìwó sí Kìṣí kì í ṣe ìrìn kékeré. Kí èèyàn tó gba Ògbómọ̀ṣọ́ yọ sí Ìgbẹ́tì, ìdí á ti kú. Alùpùpù tèmi sì ti ń wúkọ́ láti ìjẹta. Mo wá ní, "Wàkílù, gbé sikánà yẹn dání. Ọ̀nà jìn." Ó gbójú kúrò lára mi. Ó ní, "Ààfáà, mo wá a títí lánàá, n ò rí i. Wọ́láì."

Ẹ gbọ́, jàmáà. Wọ́láì. Orúkọ Ọlọ́hun ló fi bo ìbọ̀sẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo sì gbà á gbọ́. Mùsùlùmí búra tán, kí lèèyàn tún fẹ́ sọ? Ìgbà tó yá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi. Ó ní bí òun bá gbé e dání, tèmi tó ń wúkọ́ ni òun á kọ́kọ́ fi yẹ̀ wò. Lẹ́yìn tèmi, gbogbo ọlọ́kadà tó bá dákú sójú ọ̀nà á máa dá òun dúró, sikánà òun á sì gbó. Ìyá rẹ̀ ń kú lọ o, ó ń ro ti sikánà tó máa gbó. Ṣé ẹ rí i bí ahun ṣe ń ṣe ọmọ ènìyàn?

A gbéra, oníkálukú lórí alùpùpù tiẹ̀. A la Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá láìséwu. Nígbà tí a dé Ìgbẹ́tì, ó pe Àsímáwù, ó ní kó sọ fún Màámi pé òun ti dé tòsí. Tèmi ń wúkọ́, ó sì ń lọ. A fi Ìgbẹ́tì sílẹ̀ tó bíi máìlì mẹ́wàá, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì, ni alùpùpù Wàkílù bá kú. Tiẹ̀ tó jẹ́ tuntun. Aago mẹ́wàá ò tíì kọjá púpọ̀.

Ó tẹ sítátà, kò mú iná. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó nù ún, ó dá a padà. Ó fa páìpù epo, epo ń wá. Ó tú ìjókòó, ó tú gbogbo ohun tó ṣeé tú, òógùn bò ó. Mo ní, "Wàkílù, gun ẹ̀yìn mi ká máa lọ. Ìyá ń dúró." Ó wo alùpùpù rẹ̀, ó wo igbó. Ó ní, "Wọ́n á jí i gbé, Ààfáà. Tiyín tó ń wúkọ́ yìí ńkọ́, ṣé ó lè gbé èèyàn méjì? Ẹ jẹ́ n wò ó díẹ̀ sí i. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i."

Wákàtí kan kọjá lórí "mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i." Mo tún bẹ̀ ẹ́, ó jágbe mọ́ mi pé kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Wàkílù tí kò gbóhùn sókè sí mi rí. Sípánà ń bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Ni mo bá padà sí Ìgbẹ́tì. Wọ́n júwe mẹkáníìkì kan tó ní sikánà fún mi, Bàbá Ìdáyàt. Mo débẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní ó lọ ṣiṣẹ́ lóko kan, pé ó máa tó dé. Mo jókòó. Mo ń wo ọ̀nà, mo ń wo aago. Wọ́n pe Àìlá, mo kírun níbẹ̀, Ọlọ́hun á forí jì mí, ọkàn mi ò sí lórí ìrun. Aago méjì kù díẹ̀ kí ọkùnrin yẹn tó yọ. Mo ní ìyá ẹnì kan ló ń kú lọ ní Kìṣí. Kò bi mí ní ọ̀rọ̀ owó. Kò wọlé lọ mu omi. Ó gbé sikánà rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn mi.

A dé ọ̀dọ̀ Wàkílù, ó ki sikánà bọ alùpùpù rẹ̀. Èèyàn ò lè ka Fátíà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Wáyà kan ló já, èyí tó ń sọ fún ọpọlọ rẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Abẹ́ ibí ló wà." Ó so ó, alùpùpù dún. Wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ lọ sórí wáyà tó tín-ín-rín bí òwú. Wàkílù dúpẹ́, kò lè wo ojú ọkùnrin náà. Ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Ìgbẹ́tì ló gbé e padà.

A sáré títí a fi dé Kìṣí. Wọ́n ń pe Àlàásárì bí a ṣe wọ àdúgbò wọn. Mo rí àwọn ọkùnrin tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, erùpẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Wàkílù náà rí wọn. Alùpùpù ò tíì dúró tán tó fi bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀, àwa kì í gbé òkú pamọ́ de ẹnikẹ́ni. Aago méjìlá kọjá díẹ̀ ni ìyá dákẹ́. Wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti fi lìkááfàní wé wọn, wọ́n ti kírun sí wọn lára, wọ́n ti sin wọ́n.

Àsímáwù jáde wá. Kò bú u. Ó ní, "Wọ́n dúró dè ọ́. Gbogbo alùpùpù tó bá ti ń kọjá, wọ́n á ní, 'Ṣé Wàkílù nìyẹn?' Mo ní o ti dé Ìgbẹ́tì. Nígbà tó yá, wọn ò bi mí mọ́."

Lemọ́mù wọn ti kéde lójú sàréè pé ẹni tí ohun ìyá bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó dá a padà. Bí a ṣe dúró síbẹ̀, obìnrin kan gbé odó wọlé. Ó ní, "Ọdún mẹ́ta ló ti wà lọ́dọ̀ mi. Wọn ò bi mí léèrè rí." Ọkùnrin kan gbé àkàbà dé. Òmíràn kó bẹ́ǹṣì méjì wá. Agbada wá, ọkọ́ wá, àdá wá, agbọ̀n wá. Wọ́n ń gbé e kalẹ̀, wọ́n ń ṣàdúà fún ìyá, wọ́n ń sunkún lọ, títí àgbàlá ò fi ní àyè ẹsẹ̀ mọ́.

Wàkílù jókòó sórí ilẹ̀ láàárín ẹrù yẹn. Ó ní, "Ààfáà, gbogbo Kìṣí ló ní nǹkan Màámi lọ́wọ́. Ta ló ní tèmi?" Ó wá ní, "Sikánà yẹn ò sọnù. Mo mọ ibi tó wà. Mo fi í sílẹ̀ ni." Ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ẹnì kan á ní kádàrá ni. Mo mọ kádàrá, kí o tó mọ̀ ọ́n ni mo ti ń fi í ṣe wáàsí. N kò sọ pé ìyá ò ní kú. Àkókò wọn tó. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọn ì bá rí ọmọ wọn. Ọlọ́hun fún ọmọ yẹn ní sábàbí, ohun tí ì bá fi tètè débẹ̀, òun ló fi í sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwọ tí o jókòó síbí, tí wọ́n bá sin ọ́ lọ́la, kí ni wọn ó gbé padà wá sílé rẹ? Àbí gbogbo rẹ̀ ló ti wà nílé?

Ọlọ́hun Ọba, tú ọwọ́ wa tó ká gúlúgúlú. Má jẹ́ ká fi orúkọ Rẹ bo irọ́. Forí jin ìyá Àsímáwù, kí O sì fi ojúure wo Wàkílù. Jẹ́ ká bá àwọn tó ń retí wa láyé. Áámín.