Aláìmoore Ni Wọ́n Sọ Mí

Ẹ má sọ pé kí n dákẹ́, Ìyá Àgbà! Ẹ má tíì sọ ọ́! Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sùn sábẹ́ tírélà ní Creek Road yìí láti kékeré, tí àwọn dírẹ́bà ń ju eegun fún, ẹ ò lè mọ ohun tí ojú mi rí. Ajá ni mí bíi tiyín, mo gbà. Ṣé torí pé mo jẹ́ ajá ni wọ́n ṣe máa kó mi sínú àpò bí ìrẹsì, kí wọ́n lọ dà mí nù sí Kirikiri, lẹ́yìn gbogbo oore tí mo ṣe?

Ẹ má pa á lówe fún mi o! Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, fèrè ọdẹ wo? Èmi ò sọnù, wọ́n sọ mí nù ni!

Orúkọ mi? Ẹ tún wá ń bi mí lórúkọ. Aláìmoore. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Aláìmoore ni Dáramọ́lá ọ̀gá mi sọ mí lọ́jọ́ tó gbé mi wọ Ajégúnlẹ̀. Ṣé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́? Rárá o! Reuben tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ló ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá mi ló mú Reuben wọ iṣẹ́ ní Wharf Road, ó fún un ní ẹní sùn sí, ó bọ́ ọ. Ìgbà tí nǹkan dáa fún Reuben, ó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ṣayọ̀, ọmọ ọ̀gá mi, lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wò ó, ni Oghogho, ìyàwó Reuben, bá pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú gbàgà. "Go watch your papa own!" Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá mi ò sì lè bú èèyàn, ó wà lára àwọn tó ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ló wá ṣe? Ohun tí àwọn àgbàlagbà máa ń ṣe náà ni: ó wá ajá, ó gbé èébú lé ajá lórí. Láràárọ̀, kí ó tó fọ ẹnu, á ti dúró sẹ́bàá fèrèsé Reuben: "Aláìmoore! Wá jẹun! O yó tán, o ò lè kí ẹni tó bọ́ ẹ, àbí? Aláìmoore!" Tí Reuben bá yọjú, á ní, "Ajá mi ni mò ń pè o, ta ló pè ẹ́?"

Ta ló wá ń jìyà ẹ̀? Èmi! Omi gbígbóná, èmi. Òkò, èmi. Sálúbàtà Oghogho, pàá, lẹ́yìn mi. Ẹ wo ibi tí irun ò ti hù mọ́ yìí. Èmi tí mi ò mọ tẹlifíṣọ̀n, tí mi ò mọ Wharf Road!

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn orúkọ náà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ní mo fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń pè mí sídìí oúnjẹ, òun ni Ṣayọ̀ máa ń sọ sí mi létí tó bá ń yọ eégbọn lára mi. Èwo ló kàn mí nínú ìtumọ̀ rẹ̀?

Ọjọ́ Àìkú kan, gbogbo ilé ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Olè já àgádágodo Reuben, ó gbé tẹlifíṣọ̀n yẹn lé èjìká. Ṣé kò yẹ kí n máa wò ó ni? Nílé ẹni tó ń da omi gbígbóná lù mí! Àmọ́ ajá tó rí olè tí kò gbó, ajá wo nìyẹn? Mo fò mọ́ ọn nítan, mi ò tú u sílẹ̀ títí Ṣàfíù tó ń lẹ táyà níwájú ilé fi sáré wọlé. "Olè! Hold am!"

Reuben dé, ó rí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ nílẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀gá mi. Ó ní ajá tí òun ń sọ lókò ló gba òun sílẹ̀. Wọ́n dì mọ́ra, pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n mu mínírà. Inú mi dùn. Mo ní ara tù mí wàyí.

Háà! Mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni ìjà náà. Nígbà tí ìjà ti parí, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi mí ṣe? Ta ló máa pe Aláìmoore létí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì? Wọ́n ní Bíńgò ni mò ń jẹ́ báyìí. Bíńgò! Bíńgò! Mi ò dáhùn. Ta ni Bíńgò? Ní Sátidé, Reuben àti ìyàwó rẹ̀ wá jẹ ẹ̀bà lọ́dọ̀ wa, Ṣayọ̀ na eegun sókè, ó pariwo, "Aláìmoore, wá gba ẹran!" Òkèlè dúró lọ́wọ́ Reuben. Oghogho dìde. "So una never forget?"

Ọjọ́ kejì ni àpò. Mọ́tò ibi iṣẹ́ Reuben ni wọ́n fi gbé mi, Reuben tí mo gba ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ olè! Àwọn méjèèjì jókòó níwájú, wọ́n ń bára wọn ṣàwàdà. Wọ́n jù mí sílẹ̀ lẹ́bàá àwọn táǹkì epo ní Kirikiri, ibẹ̀ ni mo ti fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ yín níbí. Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Oore ni igún ṣe tó fi pá lórí, Ìyá Àgbà. Ó dùn mí. Òkò ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwa mẹ́ta, ta ni aláìmoore? Ẹ dá mi lóhùn!

Kí n dúró tì yín? Kí ẹ fún mi lórúkọ mìíràn? Ẹ ṣeun. Mo gbà. Bí mo bá tún fi ẹsẹ̀ kan ilé yẹn, kí táyà tírélà gba orí mi kọjá!

Ẹ dúró ná. Ta ló ń pariwo lójú títì yẹn? "Aláìmoore! Aláìmoore o! Níbo lo wà, Aláìmoore?" Ọ̀gá mi ni! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fi ìbínú pè é, bíi ti àtijọ́. Wọ́n tún ti jà! Há há há! Yéè, ẹ gbà mí, ọ̀sẹ̀ méjì péré, wọ́n tún ti jà! Tí kì í bá ṣe ìjà, ṣé á rántí mi? Mi ò lọ. Mo ní mi ò lọ! Omi gbígbóná ló fẹ́ mú mi padà sí.

Ìyá Àgbà, kí ló ń lu ilẹ̀ pà, pà, pà lẹ́yìn mi yìí? Ìrù mi ni? Ẹ dákun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún mi!