Yìnyín fún Abẹ́rẹ́ Ológbò

Níbi tí wọ́n ti ń ta yìnyín ní Ìdúmàgbò, lọ́jọ́ tí iná ò sí ní gbogbo àdúgbò, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan àti ọkùnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ta ló ní ìtọ̀ ṣúgà nílé yín tí ẹ fi ní yìnyín tí ẹ ó fi tọ́jú oògùn abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ ń wá?"

"Ológbò mi ni."

Èmi gan-an fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ológbò kẹ̀! Ẹ̀yin lẹ ń gún un lábẹ́rẹ́?"

"Èmi ni. Tí mo bá kírun àárọ̀ tán, màá fún un lẹ́ja. Ó gbọ́dọ̀ jẹun kí n tó gún un."

"Ẹ má bínú o, Màmá, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi. Ẹran ṣáà ni."

Màmá ò bínú.

"Bàbá àwọn ọmọ mi ni àìsàn yẹn kọ́kọ́ mú. Ara wọn ni mo ti kọ́ abẹ́rẹ́ gígún. Lọ́jọ́ kejì tí a sin wọ́n, mo kírun tán, àfi bí mo ṣe bá ara mi nídìí fíríìjì, tí mò ń wá oògùn wọn. Nígbà tí dókítà ẹran wá sọ pé ológbò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi náà ti ní àìsàn yẹn, àwọn ọmọ rò pé màá sunkún. Ọmọ mi, ọwọ́ mi tún ríṣẹ́ ṣe."