Okùn Tí Bùráímọ̀ Kò Yá Wọn

Ẹ̀yin jámáà mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ogun nìkan kọ́ ló ń pa ìlú. Ọjọ́ tí oníkálukú bá ti ní tòun ni tòun, ìlú ti kú, ìsìnkú rẹ̀ ló kù. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn gàgá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ Bùráímọ̀.

Agégẹdú ni Bùráímọ̀, ní ìlú kan lápá Òkè-Ògùn. Kì í jalè, kì í pa ìrun jẹ. Okùn tó fi ń so gẹdú mọ́ ọkọ̀ nìkan ló gùn tó sì yi ládùúgbò. Ládùúgbò yẹn náà ni Kàsúmù wà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, Kàsúmù a máa wọ kànga láti ilé dé ilé, a kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ jáde, kò ní gba kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá bi í, a ní, "Ṣé èmi náà kì í mu omi ni?"

Lọ́sàn-án Àlàmísì kan, kànga ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ya lù ú. Ẹrẹ̀ bò ó dé àyà, omi sì ń ru. Ó ń ké. Sáfúrátù, ìyàwó rẹ̀, sáré dé ọ̀dọ̀ Bùráímọ̀.

"Ẹ yá wa lókùn! Ọkọ mi wà nínú kànga!"

"Ní ìléyá, ẹ fi okùn yìí so màlúù. Báwo lẹ ṣe dá a padà? Gbogbo ẹ̀ ti bó. Mo ti búra, n kò yá ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ẹ̀mí ni mo ń sọ, Alhaji!"

"Ṣé okùn tèmi nìkan ló wà láyé ni?"

Ó ti ìlẹ̀kùn, ó mú tẹ̀súbáà. Orúkọ ta ló ń pè lórí ẹ̀, ẹ̀yin èèyàn? Ó ń gbọ́ igbe Kàsúmù. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọn ò ní ṣàìrí nǹkan so. Lóòótọ́, àwọn obìnrin tú ìró, wọ́n so ó pọ̀. Ó já.

Igbe dákẹ́. Ìgbà yẹn ni Bùráímọ̀ tó dìde. Ó gbé okùn, ó sáré. Sáfúrátù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sunkún. Ó wo okùn náà, ó ní:

"Ẹ gbé e padà sílé, Alhaji, kí omi má baà kàn án."

Ẹ̀ẹ̀rùn míì dé. Àwọn kànga dí, ẹnikẹ́ni kò wọ̀ wọ́n. Omi odò tí màlúù ń tọ̀ sí ni wọ́n ń pọn. Onígbáméjì wọlé, wọ́n sin ọmọ méje. Bùráímọ̀ fi okùn kọ́ èjìká, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé.

"Ẹ dákun, ẹ wọ kànga. Èmi ni n ó di okùn mú."

Làsísì, ọmọkùnrin tó lágbára jù níbẹ̀, dọ̀bálẹ̀ kí i. "Ẹ má bínú, Alhaji. Bó bá ya lù mí, ta ni yóò fà mí jáde?"

Bùráímọ̀ gbé okùn rẹ̀. Ó lọ sí ojúlé kejì. Ohun kan náà ni wọ́n sọ. Ẹ̀kẹta kò tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

N kò ní í fi irọ́ tù yín nínú: wọn kò rí ẹni wọ àwọn kànga yẹn. Ọdún gbọọrọ ni oore fi ń ta gbòǹgbò láàrin èèyàn, ọ̀sán kan ṣoṣo la fi ń fà á tu. Ṣé ẹnì kan ń ké sí ọ ládùúgbò rẹ? Dìde báyìí, máa lọ. Mo yọ̀ǹda rẹ, wáàsí ò ní í bínú.

Ọlọ́hun Ọba, ọkàn wa ti yigbì. Má fi wá sílẹ̀ fún ara wa. Tọ́ wa sọ́nà kí ó tó pẹ́ jù, bí kò bá tíì pẹ́ jù. Àmín.